Ta ló kọ "When a Man Loves a Woman"? Orúkọ tó wà lára àwo àti ohùn tó wà nínú rẹ̀

Akójàwo kọ pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin sóòlù. Orin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ tú wò láti orí dé ìdí. Òun ni "When a Man Loves a Woman" tí Percy Sledge gbé jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Atlantic lọ́dún 1966. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà ló gun ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Òun náà ni àwo àkọ́kọ́ tí Atlantic fi gba àmì-ẹ̀yẹ àwo wúrà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ara àwo náà níbi tí wọ́n ń tẹ orúkọ ẹni tó kọ orin sí, orúkọ méjì péré lẹ máa rí, C. Lewis àti A. Wright. Calvin Lewis ló ń ta gìtá béèsì, Andrew Wright ló ń tẹ dùùrù, nínú ẹgbẹ́ Esquires Combo tí Sledge máa ń bá kọrin ní agbègbè Muscle Shoals, ní ìpínlẹ̀ Alabama, nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Orúkọ Sledge kò sí níbẹ̀ rárá.

Sledge, tó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2015, sọ ọ́ léraléra nígbà ayé rẹ̀ pé òun lòun ni orin náà. Ó ní òun ti ń kùn ún láti ìgbà èwe òun nínú oko òwú, pé "Why Did You Leave Me Baby" lòun kọ́kọ́ fi sí i lẹ́nu nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun tí olólùfẹ́ òun sì fi òun sílẹ̀ lọ, àti pé ọwọ́ ara òun lòun fi yọ̀ǹda orúkọ òun fún àwọn méjèèjì nítorí pé wọ́n bá òun tò ó. Ìbéèrè mi ni pé, kí ni ó yẹ kí àwa tí a ń kó àwo jọ, tí a sì ń kọ ìtàn nípa wọn, máa kọ sílẹ̀? Ṣé ohun tó wà lára àwo ni, àbí ohun tí ẹni tó kọrin wí?

Onídùùrù kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Èmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tẹ dùùrù kò rí ohun tó burú nínú bí orúkọ Lewis àti Wright ṣe wà lórí àwo. Gbogbo orin yẹn dúró lórí béèsì tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, tí kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì ń bọ́ sórí rẹ̀ bó ṣe ń lọ, lórí ìlù tó rọra ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ yọ ìsọ̀kalẹ̀ yẹn kúrò, kí ẹ wá gbìyànjú láti kọ ọ́. Yóò di igbe ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ lásán. Sledge fúnra rẹ̀ ló sọ pé lálẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ń ṣeré, òun bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n ṣáà tẹ ohunkóhun tí òun lè fi ohùn lé. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ló tẹ́ ilẹ̀ tí ohùn rìn lé lórí, kí ló kù tí a ó tún pè ní kíkọ orin?

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn mìíràn wà tí a kì í dárúkọ nínú àríyànjiyàn yìí. Ní sítúdíò Quin Ivy tó wà ní ìlú Sheffield ti Alabama, Spooner Oldham ló wà nídìí dùùrù Farfisa, Marlin Greene mú gìtá, Junior Lowe mú béèsì, Roger Hawkins sì lu ìlù. Ẹ fi etí sí ìbẹ̀rẹ̀ àwo náà. Kí Sledge tó la ẹnu, ohùn Farfisa yẹn ti kún ibi gbogbo, ó mú ṣáká, ó dà bí dùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, kò sì gbọ̀n bíi ti dùùrù Hammond. Ohùn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá orin náà mọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Oldham kò sí lára àwọn tó kọ orin, kò sì sẹ́ni tó ń jà fún un.

Amòfin Ìjẹ̀bú kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀nà méjì tí òfin Amẹ́ríkà là sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà Sledge ti bẹ̀rẹ̀. Orin tí a kọ, ìyẹn ohùn àti ọ̀rọ̀ rẹ̀, dúró lọ́tọ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ sórí téèpù náà sì dúró lọ́tọ̀. Ẹni tó ni èkíní kì í ṣe ẹni tó ni èkejì, owó wọn kò sì gba ojú ọ̀nà kan náà wọlé. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò bá lu àwo, ẹni tó kọ orin àti ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Olórin tí ohùn rẹ̀ ń dún nínú rédíò kò gba kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí lórí rédíò orí afẹ́fẹ́ títí di òní.

Òfin ọdún 1995 ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún àwọn akọrin lórí ètò ìgbéjáde onídíjítà, irú èyí tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì àti sátẹ́láìtì, ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ kò ka àwo tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1972 mọ́ ohun tó ń dáàbò bò. Àwo Sledge ti 1966 wà lẹ́yìn odi. Ọdún 2018 ni wọ́n tó ṣe òfin tó mú irú àwo bẹ́ẹ̀ wọlé, Sledge sì ti kú fún ọdún mẹ́ta nígbà náà. Nítorí náà, nígbà tí ó yọ̀ǹda orúkọ rẹ̀, kì í ṣe iyì nìkan ló yọ̀ǹda. Owó gbogbo ìgbà tí rédíò bá lu orin yẹn, àti owó gbogbo ẹlòmíràn tó bá tún un kọ, ló fi sílẹ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé ó lè padà lọ gbà á. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ jà pé òun wà lára àwọn tó kọ iṣẹ́ kan, láti ìgbà tí ó ti hàn kedere pé wọ́n ń sẹ́ ẹ. Ẹ wo Barrett Strong, ẹni tó kọ́kọ́ kọ "Money (That's What I Want)" sórí àwo fún Berry Gordy, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ Motown sílẹ̀ ní Detroit, lọ́dún 1959. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ orin sílẹ̀, pẹ̀lú ti Gordy àti ti Janie Bradford. Ní 1962 wọ́n yọ ọ́ kúrò, ní 1987 wọ́n dá a padà, ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún fi ìlà pa á rẹ́. Strong ní òun kò mọ̀ nípa gbogbo rẹ̀ títí tí ọ̀pọ̀ ọdún fi kọjá. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fún Gordy ní àṣìṣe akọ̀wé ni bí orúkọ rẹ̀ ṣe wọ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Strong kú ní oṣù Kìíní ọdún 2023 láìrí ohun tó ń wá gbà. Bí ìwé bá lè ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ báyìí, kí ni Sledge tí orúkọ tirẹ̀ kò fìgbà kan wà níbẹ̀ fẹ́ gbé lọ síwájú adájọ́?

Ọmọ Peckham kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí mo ń gbé, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì kan dùùrù tí Onídùùrù ń sọ. Lọ́dún 1967, ọdún kan lẹ́yìn àwo Sledge, ẹgbẹ́ Procol Harum gbé "A Whiter Shade of Pale" jáde. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra yóò rí i pé béèsì tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló gbé orin kejì náà ró. Gary Brooker àti Keith Reid ni orúkọ wọn wà lórí rẹ̀. Matthew Fisher, tó tẹ dùùrù Hammond tí gbogbo ayé mọ̀ nínú orin yẹn, kò sí níbẹ̀. Ó dúró títí di 2005 kó tó pe ẹjọ́. Ní 2006 adájọ́ gbà pé Fisher wà lára àwọn tó kọ orin náà, ó sì fún un ní ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2008 ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní lóòótọ́ ó bá wọn kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù kó tó wá gbowó. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2009, House of Lords, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, dá ìpín rẹ̀ padà fún un. Wọ́n ní òfin wọn kò fi gbèdéke ọdún sí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó ọdún tó ti kọjá ṣáájú ìgbà tó pe ẹjọ́ kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Mo ń sọ èyí nítorí pé bí a bá ní òótọ́ ọ̀rọ̀ wà nínú ìdájọ́ yẹn, a jẹ́ pé ohun tí Oldham ṣe ní Sheffield lè jẹ́ kíkọ orin, ìyẹn bí ó bá jẹ́ pé òun ló hùmọ̀ ohun tó tẹ̀, tí kì í ṣe pé ó kàn ń tẹ ohun tí Wright ti tẹ̀ ṣáájú. Orí ilẹ̀ tí a bá dúró sí ni a fi ń mọ ẹni tó kọ orin, èmi ò sì rò pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Alárẹ́kọ́ọ̀dù kọ pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, òfin ni ẹ ti ń sọ láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ orin fúnra rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí í ṣe orin àti ohun tí í ṣe àwo, ẹ jẹ́ kí a to àwọn tó ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a wo ohun tó kù nígbà tí ohun gbogbo bá ti yí padà.

Lọ́dún 1966 náà ni Esther Phillips ti yí i sí ohùn obìnrin, "When a Woman Loves a Man", lábẹ́ Atlantic kan náà. Bette Midler kọ ọ́ nínú fíìmù *The Rose* ní 1979, ó ké e bí ẹni tó wà níwájú èrò tó ti mutí. Michael Bolton gbé tirẹ̀ jáde ní 1991, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní 1992. Nínú ti Bolton, Farfisa ti lọ, ìlù ti wúwo, gìtá ti wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ohùn ṣe bẹ̀rẹ̀ láti òkè, tó di ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mú, tó sì ń rọra wá sílẹ̀ bí béèsì ṣe ń wá sílẹ̀. Ìyẹn kò yí padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bolton lè fi ẹ̀ka kún un bó ṣe wù ú, igi ohùn yẹn ló dìmú. Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́ ni Sledge sọ, pé ẹnu òun ni ohùn yẹn ti jáde kí ẹnikẹ́ni tó tẹ kọ́ọ̀dù sí i, a jẹ́ pé ohun tó kù nínú gbogbo àwo wọ̀nyí, tirẹ̀ ni. Lewis àti Wright ni owó ẹni tó kọ orin ń lọ bá nígbà tí ti Bolton ń tà. Sledge ń gbọ́ ọ lórí rédíò bí gbogbo wa ṣe ń gbọ́ ọ.

Èmi kò sọ pé àwọn méjì yẹn jalè. Sledge kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbà pé ìpinnu tó burú jù ni, ó sì tún sọ pé bí Ọlọ́run bá fi í sí òun lẹ́nu pé kí òun fún wọn, òun kò ní yí i padà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ohun tó pàdánù nìyẹn. Nínú orin sóòlù, kì í ṣe òun nìkan ló fún ẹlòmíràn ní orúkọ tirẹ̀. Etta James sọ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé Ellington Jordan ló bẹ̀rẹ̀ "I'd Rather Go Blind" nínú ẹ̀wọ̀n, pé òun bá a parí rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ owó orí òun fi ìpín òun sí orúkọ Billy Foster tí àwọn jọ ń fẹ́ra. Bí ẹ bá ń ka orúkọ lára àwo sóòlù ìgbà yẹn, ẹ rántí pé ìwé àdéhùn ni ẹ ń kà.

Onídùùrù kọ pé:

Ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà. Ohùn tí ẹ ní kò yí padà yẹn, ara ìsọ̀kalẹ̀ kọ́ọ̀dù ló ti yọ. Nínú orin tiwa, adárin lè dá orin tí kò sí ẹni tó gbè é, orin náà yóò sì pé. Orin ti Sledge kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibi tí ohùn rẹ̀ dúró lé, kọ́ọ̀dù ló gbà á láyè láti dúró níbẹ̀. Bí ó bá ń kùn ún nínú oko òwú, kí ni ó ń kùn? A kò lè fi ohun tí kò sí lórí téèpù gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí orin di orin. Tí ẹ bá ní kí n kọ ọ́ bó ṣe yẹ, orúkọ mẹ́ta ni màá kọ, ti Sledge yóò sì ṣáájú. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ ẹnikẹ́ni kúrò.

Amòfin Ìjẹ̀bú kọ pé:

Mo fẹ́ fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ Onídùùrù lórí téèpù. Títí di ọdún 1978, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà kì í gba téèpù tàbí àwo gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí orin tí a kọ. Ìwé tí a kọ àmì ohùn sí ni wọ́n ń gbà. Ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ bíi ti Muscle Shoals, tí àwọn olórin ti ń fi etí àti ọwọ́ tò ó níbẹ̀ láìsí ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba orin tán ni ẹnì kan yóò jókòó gbọ́ ọ, tí yóò wá kọ ohùn àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kékeré fún ìforúkọsílẹ̀. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń kọ jù lọ ni ohùn tí akọrin kọ. Dùùrù Oldham kì í sábà wọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ rí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀: ohun tí ìwé ń dáàbò bò jù lọ ni ohun tó ti ẹnu akọrin jáde, akọrin gan-an ni orúkọ rẹ̀ kò sì sí lórí ìwé.

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Marvin Gaye bá àwọn tó kọ "Blurred Lines" ṣẹjọ́ pé wọ́n wo "Got to Give It Up" ti 1977 kọ ọ́, adájọ́ kò gbà kí wọ́n lu àwo Gaye gan-an fún ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní 2015, nítorí pé ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì nìkan ni òfin ka sí orin Gaye. Wọ́n borí ṣá o. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i, kí wọ́n máa jà lórí orin Marvin Gaye láìgbọ́ Marvin Gaye.

Akójàwo kọ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí èmi yóò máa kọ láti ìsinsìnyí ni orúkọ Lewis àti Wright bí ó ṣe wà lórí àwo, kí n sì fi gbólóhùn kan tẹ̀ lé e pé Sledge sọ pé òun ló dá ohùn orin náà àti pé òun yọ̀ǹda rẹ̀. Ìyá Alárẹ́kọ́ọ̀dù, ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dáhùn, mà. Mo ti ń gbọ́ ọ pé fèrè tó wà nínú àwo náà kò bá ohùn mu, àti pé téèpù méjì ló wà. Báwo lọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, báwo sì ni èèyàn ṣe ń mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìyá Alárẹ́kọ́ọ̀dù kọ pé:

Ìtàn tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà máa ń sọ nìyí. Nígbà tí Rick Hall ti sítúdíò FAME pe Jerry Wexler ti Atlantic lórí fóònù pé òun gbọ́ orin kan tí kò ní ṣaláì gba ipò kìíní, wọ́n fi téèpù ránṣẹ́ sí Wexler. Wexler fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní fèrè inú rẹ̀ kò bá ohùn mu, kí wọ́n tún un fọn. Wọ́n tún un fọn lóòótọ́, wọ́n sì fi téèpù tuntun ránṣẹ́. Lẹ́yìn tí àwo ti gun òkè àtẹ, Wexler ní ẹ ò rí i pé àtúnṣe yẹn dára jù. Àṣé ti àkọ́kọ́, èyí tí kò bá ohùn mu, ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ má wá fèrè níbẹ̀rẹ̀, nítorí ìparí orin ni wọ́n ti ń wọlé. Níbi tí Sledge ti ń ké jù lọ, ẹ máa gbọ́ wọn lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń sún sí ẹ̀gbẹ́ ohùn díẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n téèpù méjì yẹn kọ́ ló ń da àwọn tó ń ra àwo láàmú. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé Sledge tún orin yìí gbà sílẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ olórin ìgbà rẹ̀ ti ṣe, nítorí pé téèpù àkọ́kọ́ kì í ṣe tiwọn. Àwọn àkójọpọ̀ olówó pọ́ọ́kú kún fún àwọn àtúnkọ wọ̀nyí, àwòrán Sledge ti 1966 ni wọ́n sì máa ń fi sí iwájú. Ẹ wá lẹ́tà wínníwínní tó bá ní olórin náà ló tún un kọ. Ti àkọ́kọ́ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, nọ́ńbà rẹ̀ ni Atlantic 2326, "Love Me Like You Mean It" ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àwọn àtúnkọ tí mo ti gbọ́, dùùrù rẹ̀ máa ń rọ̀ jù, ìlù rẹ̀ máa ń mọ́ jù, fèrè rẹ̀ sì máa ń bá ohùn mu régé. Lewis àti Wright náà ni wọ́n tẹ̀ sí gbogbo rẹ̀.

Èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1987, nígbà tí ìpolówó ṣòkòtò Levi's gbé e dé ipò kejì níbẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni. Ọmọ Peckham, bí ẹ bá rí i ní ọjà àwo níbẹ̀, ẹ bá mi wo orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ àkọlé rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ síbí bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà àwo náà.